Wọ́n ní òfin ti ṣílẹ̀kùn App Store àti Play Store: kí ló kàn wá níbẹ̀?

Arìnnàkore

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé àwọn ìjọba kan ń fi òfin mú Apple àti Google lórí ilé ìtajà áàpù wọn, pé èèyàn ti lè gba áàpù níbòmíràn, pé a sì lè sanwó fún ẹni tó ṣe áàpù láìjẹ́ pé owó náà kọ́kọ́ gba ọwọ́ àwọn méjèèjì kọjá. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Owó tí mò ń san lóṣooṣù lórí áàpù, ta ló ń gbà á gan-an? Bí mo bá gba áàpù láti ìta, ṣé kì í ṣe pé mo fọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún olè? Fóònù tí mo fi owó ara mi rà yìí ńkọ́, ṣé èmi ni mo ni ín àbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dá mi lóhùn.

Kọ́kóòdù

Iṣẹ́ áàpù ni mò ń ṣe, ibi owó ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà ni gbogbo ìjà yìí dá lé. Nígbà tí Apple ṣí App Store ní oṣù Keje ọdún 2008, ohun tí wọ́n là kalẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá san 100, 70 jẹ́ ti ẹni tó ṣe áàpù, 30 jẹ́ tiwọn. Google náà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti dín in kù fún àwọn kéékèèké: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lórí áàpù kò bá ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún lè máa san 15% fún Apple, Google náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba 15% lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́. Àwọn ńlá ló wá ń fojú winá 30% yẹn jù nígbà náà.

Kì í ṣe gbogbo owó ni wọ́n ń bù o. Bí ẹ bá pe ọkọ̀ lórí áàpù, tàbí tí ẹ ra bàtà, káàdì yín ló ń sanwó tààrà, Apple àti Google kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí à ń lò nínú fóònù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bù: eré, orin, fíìmù, ẹ̀kọ́, ibi ìpamọ́ fáìlì.

Èyí tó ń ká wa lára jù ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, Apple kò gbà kí á sọ nínú áàpù pé iye ọjà kan náà lórí wẹ́ẹ̀bù dín sí ti inú áàpù. A ò gbọdọ̀ fi líǹkì síbẹ̀, a ò tilẹ̀ gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí oníbàárà. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, YouTube Premium jẹ́ 13.99 dọ́là lóṣù fún ẹni tó rà á lórí wẹ́ẹ̀bù, ó jẹ́ 18.99 fún ẹni tó rà á nínú áàpù orí iPhone. Fídíò kan náà, fóònù kan náà. Netflix ní tiwọn kò tilẹ̀ bá wọn fà á rárá: láti òpin ọdún 2018 ni wọn kò ti gba owó oníbàárà tuntun nínú áàpù iPhone mọ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé, Kọ́kóòdù. Arìnnàkore, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó nínú áàpù èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ ṣí wẹ́ẹ̀bù wọn nínú bíráwúsà, ẹ fi ímeèlì kan náà wọlé, kí ẹ wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà míì ó dín, nígbà míì iye kan náà ni. Bó bá jẹ́ iye kan náà, inú fóònù ni èmi máa ń rà á sí, nítorí pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ já a, ojú kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ tẹ Subscriptions. Lórí Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ wá ibi ìsanwó àti subscriptions. Ẹ ò ní máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ kiri. Mo ti sanwó fún áàpù ẹ̀kọ́ kan rí lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Nígbà tí mo ní mi ò ṣe mọ́, wọ́n ní kí n kọ ímeèlì; ímeèlì yẹn kò ní èsì títí wọ́n fi tún gba owó oṣù mìíràn lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, ẹ ṣọ́ra. Ask to Buy tí ọmọ fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ òbí, owó tó bá gba ọ̀dọ̀ Apple kọjá nìkan ló ń mú. Bí áàpù bá gbé ọmọ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù tí káàdì yín ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Ẹ yọ káàdì yín kúrò nínú bíráwúsà tí ọmọ ń lò.

Arìnnàkore

Ẹ dákun, ṣé tí mo bá pa áàpù náà rẹ́, wọ́n á ṣì máa gba owó?

Ìyá Ìbejì

Wọ́n á máa gbà á o! Pípa áàpù rẹ́ kì í já àsansílẹ̀, yálà lórí Android tàbí iPhone. Ibi tí mo júwe lókè yẹn lẹ ti máa já a. Èyí tí wọ́n bá fún yín wò lọ́fẹ̀ẹ́, Apple fúnra wọn ní kí ẹ já a, ó kéré tán, wákàtí 24 kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Amòfin_Kékeré

Gúúsù Kòríà ló kọ́kọ́ ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láyé. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn sọ pé ilé ìtajà áàpù kò gbọdọ̀ fipá mú ẹni tó ṣe áàpù láti lo ọ̀nà ìsanwó kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn yọ̀. Kí ni Apple ṣe? Wọ́n gbà, wọ́n wá ní ẹni tó bá lo ọ̀nà tirẹ̀ yóò san 26%. Google náà yọ 4 péré kúrò nínú iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, bíi kí 30% di 26%. Ẹni tó bá ń gba káàdì fúnra rẹ̀ sì ní owó tó máa san fún ilé-iṣẹ́ káàdì, nítorí náà ohun tó kù sí i lọ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àná. Ní Netherlands, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà ní kí Apple jẹ́ kí àwọn áàpù tí èèyàn fi ń wá olólùfẹ́ lo ọ̀nà ìsanwó mìíràn. Apple ń fà á, àjọ náà ń bu mílíọ̀nù 5 yúrò lé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi pé mílíọ̀nù 50. Nígbà tí wọ́n sì máa gbà, 27% ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé agbowó-bodè sẹ́nu ọ̀nà.

Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló wá le ju tàwọn yòókù lọ. Digital Markets Act ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́fà tó ń ṣọ́ ẹnubodè ayélujára: Alphabet tó ni Google, Amazon, Apple, ByteDance tó ni TikTok, Meta tó ni Facebook, àti Microsoft. Wọ́n fún wọn di ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2024 láti tún ìwà wọn ṣe. Ìtanràn rẹ̀ lè dé 10% gbogbo owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà kárí ayé lọ́dún, 20% bó bá tún ẹ̀ṣẹ̀ náà dá. Láti iOS 17.4, ìyẹn ẹ̀dà kan nínú ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ iPhone, ni ẹni tó wà ní Yúróòpù ti lè gbé ilé ìtajà áàpù mìíràn sórí iPhone. Ilé ìtajà tí wọ́n ń pè ní AltStore PAL wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, Apple tún mú ọgbọ́n mìíràn wá: oní-áàpù tó bá gba ìlànà tuntun náà, bí àwọn tó gbé áàpù rẹ̀ sórí fóònù bá ti kọjá mílíọ̀nù kan lọ́dún, ó ní láti san ìdajì yúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó lé. Ẹni tí áàpù rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ńkọ́? Òun náà ní láti san án nígbà náà, àyàfi bí kò bá pa owó kankan rárá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 500 yúrò lé Apple torí pé kò jẹ́ kí àwọn oní-áàpù darí oníbàárà síta.

Ẹjọ́ ni wọ́n ń rò ní Amẹ́ríkà ní tiwọn. Epic Games tó ni Fortnite fi ọ̀nà ìsanwó ara wọn sínú eré náà ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Apple àti Google yọ ọ́ kúrò. Lọ́dún 2021, Adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers dá Apple láre lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n ó ní wọn kò gbọdọ̀ dí àwọn oní-áàpù lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ọ ní oṣù Kínní ọdún 2024, Apple gba líǹkì tó ń gbé oníbàárà lọ sanwó níta láyè, ó wá bu 27% lé e. Adájọ́ bínú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó ní Apple mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí àṣẹ òun, ó sì ní kí wọ́n má gba nǹkan kan lórí líǹkì náà. Apple tún pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìyẹn. Ti Google, Epic ló jàre níwájú àwọn ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Aláròyé

Gbogbo ohun tí Amòfin kà sílẹ̀ yìí, erin méjì ló ń jà. Epic kì í ṣe aláìní. Ta ló fi kọ́bọ̀ kankan padà sápò wa? Bí 30% bá di òfo lọ́la, ta ló sọ pé iye tí à ń san máa dín? Wọ́n á kó o jẹ ni. Ẹ tún wo àwọn ará Yúróòpù: lọ́dún 2024, Apple ní òun ò ní gbé ohun tí èèyàn fi ń lo iPhone látorí kọ̀ǹpútà Mac dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní òfin yìí ló fà á. Àwọn ará ibòmíràn ń lò ó, àwọn tí wọ́n ní òfin ń dáàbò bò ń wò wọ́n. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹnì kan máa ṣọ́ gbogbo áàpù ju kí gbogbo ayé máa wọlé bó ṣe wù wọ́n.

Kọ́kóòdù

Aláròyé, mi ò ní bá yín jiyàn lórí iye owó, mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo èèyàn máa dín in. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń bá onílé ìtajà ta ọjà kan náà. Spotify ń ta orin, Apple náà ń ta orin. Bí Spotify bá tà á nínú áàpù, ó máa bu fún Apple. Apple Music kò bu fún ẹnikẹ́ni. Spotify fẹjọ́ sùn ní Yúróòpù lọ́dún 2019, oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n tó bu ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 yúrò lé Apple. Ọdún márùn-ún! Oníṣẹ́ kékeré wo ló lè dúró tó bẹ́ẹ̀?

Ti ìsanwó kò tán síbẹ̀. Ẹ̀rọ NFC, èyí tí a fi ń gbé fóònù súnmọ́ ẹ̀rọ POS láti sanwó, Apple Pay nìkan ló lè lò ó fún ìsanwó lórí iPhone fún ọ̀pọ̀ ọdún. Báǹkì yín lè ní áàpù tó dáa tó báwo, kò lè fọwọ́ kàn án. Oṣù Keje ọdún 2024 ni Apple tó ṣèlérí fún Yúróòpù pé òun máa ṣí i fún àwọn yòókù lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 10. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè yan áàpù tó máa jáde bó bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mò ń pè ní ẹ̀tọ́ oníbàárà nìyẹn, ó jù ọ̀rọ̀ Epic lọ.

Atúnfóònùṣe

Ìbéèrè kejì kàn mí. Áàpù tó ti ìta wá kò burú kìkì nítorí pé ó ti ìta wá. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ yín ni kẹ́ ẹ wò: ṣé ẹ̀yin lẹ wá a lọ, àbí òun ló wá yín wá? Bí ẹnì kan bá pè yín pé òun ń pè láti báǹkì, pé kí ẹ tẹ líǹkì kan kẹ́ ẹ fi gba áàpù ààbò, ẹ gé ìpè náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ sí F-Droid, ilé ìtajà áàpù Android kan tó ti wà láti ọdún 2010, tí kóòdù àwọn áàpù ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ má sì rò pé Play Store mọ́ tónítóní, áàpù olè ti gba ibẹ̀ wọlé rí.

Tẹ́lẹ̀ lórí Android, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà: bí ẹ bá ti ṣí i, ó ṣí fún ohun gbogbo. Láti Android 8, áàpù kọ̀ọ̀kan lẹ ń fún láṣẹ láti gbé áàpù mìíràn wọlé. Ẹ má fún WhatsApp láṣẹ yìí láé. Bẹ́ ẹ bá fún bíráwúsà, ẹ gbà á padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lò ó tán. Ẹ kọ Install unknown apps sínú àpótí ìwákiri Settings, ẹ ó rí gbogbo àwọn tó ní àṣẹ náà lójú kan. Ẹnu máa ya ọ̀pọ̀ nínú yín.

Àṣẹ tó léwu jù ni Accessibility. Àwọn tí ojú tàbí ọwọ́ ń dà láàmú ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n áàpù tó bá ti gbà á lè ka ohun tó wà lójú fóònù yín, ó sì lè bá yín tẹ bọ́tìnnì. Òun làwọn tó ń jí owó báǹkì ń wá. Láti Android 13 ni fóònù fúnra rẹ̀ ti ń di áàpù tó ti ìta wá lọ́wọ́ kó má gbà á. Bí áàpù bá wá ń kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa tú ìdènà yẹn, ẹ pa á rẹ́ kíá. Ẹ sì jẹ́ kí Play Protect, ẹ̀ṣọ́ tí Google fi sínú Play Store, wà ní títàn, ó ń yẹ àwọn tó ti ìta wá wò pẹ̀lú.

Lórí iPhone, ibi tẹ́ ẹ wà ló máa pinnu. Yúróòpù ti gbà á láyè. Japan náà ṣòfin tirẹ̀ lọ́dún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, App Store nìkan ni. Kódà ní Yúróòpù, Apple ṣì ń yẹ áàpù wò kó tó jáde, Notarization ni wọ́n ń pè é.

Aláròyé

Ìyẹn ni pé ọwọ́ Apple kò tíì kúrò nínú ọbẹ̀.

Atúnfóònùṣe

Kò tíì kúrò. Ti Google náà ń bọ̀ lọ́nà mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026, ní Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand, fóònù Android tó ní ìwé-ẹ̀rí Google kò ní gba áàpù ẹni tí kò bá forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ì báà má gba Play Store kọjá. Wọ́n ní láti ọdún 2027 ni yóò máa kárí ayé. F-Droid pariwo pé èyí lè pa òun. Ní oṣù Kọkànlá, Google ní àwọn máa fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ewu rẹ̀ tó sì fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Èmi fara mọ́ Google lórí èyí. Ẹni tó bá ṣe áàpù tó fẹ́ wọ fóònù mi, kó sọ orúkọ rẹ̀.

Kọ́kóòdù

Mà, orúkọ sísọ kò burú. Ẹni tí wọ́n ní ká sọ ọ́ fún ló ń dùn wá. Google ń ṣe ilé ìtajà, òun náà ló tún máa pinnu ẹni tó lè tà nílé ìtajà ẹlòmíràn. Àwọn kan sì wà tó ń ṣe áàpù fún àwọn tí ìjọba ń lépa. Bí orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ, wàhálà dé.

Ìyá Ìbejì

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n ń jí owó wọn lójoojúmọ́.

Atúnfóònùṣe

Kí n dáhùn ìbéèrè kẹta kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni fóònù, ẹ ò ni ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ẹ wo àwọn tó ní Fortnite lórí iPhone lọ́dún 2020: eré náà kò kúrò lórí fóònù wọn, ṣùgbọ́n àtúnṣe kò wọlé mọ́, nígbà tí sáà tuntun sì bẹ̀rẹ̀, wọn ò lè bá wọn ṣe é. Oníbàárà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Lórí àwọn Android kan, ẹ lè ṣí bootloader, ìyẹn àgádágodo tó ń ṣọ́ ohun tí fóònù fi ń tàn, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ mìíràn sórí rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí fóònù máa pa rẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, àwọn áàpù báǹkì kan sì máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, torí wọ́n máa ń bi Google bóyá fóònù náà ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó bá ní fóònù kan ṣoṣo, kó má dán an wò.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni fáìlì yín. Áàpù tí kò bá ní ibi tẹ́ ẹ ti lè kó àkọsílẹ̀ yín jáde, ẹ má fi nǹkan pàtàkì síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí òun àti onílé ìtajà bá jà, ẹ ó mọ ìdí.

Arìnnàkore

Ẹ ṣé gan-an. Ó ku ẹyọ kan: mo ti ń san owó áàpù orin kan látinú fóònù. Bí mo bá fẹ́ gbé e lọ sórí wẹ́ẹ̀bù, ṣé àwọn orin tí mo ti kó jọ kò ní lọ?

Ìyá Ìbejì

Kò ní lọ bó bá jẹ́ àkáǹtì kan náà lẹ lò. Ẹ já àsansílẹ̀ náà nínú fóònù lónìí. Ẹ ó ṣì máa gbádùn rẹ̀ títí oṣù tẹ́ ẹ ti san á fi pé. Bó bá pé, ẹ wọlé lórí wẹ́ẹ̀bù kẹ́ ẹ san án níbẹ̀. Ẹ má san tuntun kí ti àtijọ́ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀nà méjì ni wọ́n á máa gbà á.

Kọ́kóòdù

Kí n fi kún un. Bó bá jẹ́ Sign in with Apple, bọ́tìnnì tí èèyàn fi ń fi àkáǹtì Apple rẹ̀ wọlé, lẹ fi ṣí àkáǹtì náà, tẹ́ ẹ sì ní kó fi ímeèlì yín pamọ́, áàpù náà kò mọ ímeèlì yín gidi. Sign in with Apple yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi wọlé lórí wẹ́ẹ̀bù. Bẹ́ ẹ bá kọ ímeèlì yín síbẹ̀, àkáǹtì tuntun tó ṣófo lẹ máa bá. Èyí tẹ́ ẹ bá sì rà lórí wẹ́ẹ̀bù kò ní wọ Family Sharing, ètò Apple tí ará ilé fi ń bá ara wọn lo ohun tí wọ́n rà. Bí ará ilé yín bá ń bá yín lò ó, ètò ìdílé ti áàpù náà fúnra rẹ̀ lẹ máa rà.

Arìnnàkore

Èmi nìkan ló ń lò ó. Mo ti já a báyìí, ọjọ́ rẹ̀ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àsansílẹ̀ eré àwọn ọmọ á ṣì wà nínú fóònù níbi tó wà.